Ọkùnrin Tó Fi Ipá Yí Kọ́kọ́rọ́

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé ní ìlú kékeré kan ní Kánádà, níbi tí òtútù ti máa ń mú débi pé aṣọ tí èèyàn bá sá síta á le gan-an bíi pákó. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni. Ó ní ìyàwó kan, ó ní ọmọbìnrin kan tó ti lọ kàwé ní ìlú òkèèrè, ó sì ní píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó, tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni obìnrin náà gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n sì máa ń retí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń gbé e lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Tí wọ́n bá délé, á se oúnjẹ tí kò níyọ̀, á pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, á tún jáde lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ ní àká ńlá kan tí wọ́n ń kó àlìkámà sí. Ọdún méjì ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìyá àgbà kan ń gbé ní ilé tó dojú kọ tiwọn. Aláwọ̀ funfun ni, opó ni, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ fún ọkùnrin yìí pé kó jẹ́ kí òun máa bá a gbé ìyàwó rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní àwọn ti ń rí i ṣe. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọkùnrin tó bá jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ìyàwó òun lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti já obìnrin náà kulẹ̀ nìyẹn. Ó ń rẹ̀ ẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ní ìlú yẹn, wáyà kan máa ń yọ jáde láti iwájú ọkọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, olúkúlùkù á so ó mọ́ iná ara ògiri ilé, kí ẹ́ńjìnnì lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ di àárọ̀. Ẹni tí kò bá so ó, ọkọ̀ rẹ̀ ò ní dá a lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó pa ọkọ̀, ó wọlé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn láti tú okùn bàtà rẹ̀. Ó tú ẹyọ kan, oorun gbé e lọ pẹ̀lú bàtà kejì lẹ́sẹ̀. Wáyà ọkọ̀ wà níta, ó rọ̀ sílẹ̀ sínú yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì, òtútù náà kọjá èyí tí wọ́n ti rí láti bí ọdún mélòó kan. Èémí tí èèyàn bá mí síta ń di funfun sára irùngbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ ti múra tán, ó ti wọ kóòtù, ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Ọkùnrin náà wọ inú ọkọ̀. Àga ọkọ̀ le bí òkúta. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì kérora bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun àìsàn, ó sì dákẹ́. Ó tún un yí. Ó kérora, ó dákẹ́. Ọkùnrin náà wo aago, aago méje ti lọ. Ó yí i, ó dì í mú, kò jẹ́ kó sinmi. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ ọkọ̀. Ó gbàdúrà, ó ṣépè, ó tún gbàdúrà, gbogbo rẹ̀ nínú èémí kan ṣoṣo. Bó ṣe ń yí i ni ohùn ẹ́ńjìnnì náà ń rẹlẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí ìkérora mọ́. Ó kàn dún kẹ́, ó parí. Bátìrì ti kú.

Ó wọlé padà. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè, ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Bàbá Morádékẹ́, ṣé kí n pe màmá òdìkejì yẹn?"

Ohun tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ní, "Pe gbogbo ayé! Ṣebí ohun tó o fẹ́ nìyẹn, kí gbogbo ayé wá wò wá. Ṣé èmi ni mo ní kí kíndìnrín rẹ kú ni?"

Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó bọ́ ti òsì. Ó bọ́ kóòtù, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga.

"Mi ò lọ mọ́," ló wí. "Kì í ṣe tòní nìkan. Ó ti sú mi láti máa jẹ́ ẹrù lórí rẹ."

Ó wọ yàrá lọ. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ara ì bá tu ọkọ rẹ̀ díẹ̀.

Ọkùnrin náà mọ ohun tí "mi ò lọ mọ́" túmọ̀ sí. Dókítà ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá dá ẹ̀rọ náà dúró kì í pẹ́ láyé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gba inú yìnyín kọjá sí òdìkejì títì, ó kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà náà. Láti ọdún méjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni.

Ìyá náà ti ń wọ bàtà nígbà tó ṣílẹ̀kùn. "Mo ti ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé," ló wí. "O ti pa bátìrì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò so wáyà mọ́ná lánàá."

"Mi ò so ó."

"Kí ló dé?"

Ọkùnrin náà ní, "Ó rẹ̀ mí, mà." Bó ṣe sọ ọ́ báyìí ni omi bọ́ lójú rẹ̀, òtútù sì mú omi náà dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì kí i pẹ̀lẹ́. Ó mú wáyà gígùn kan àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún bátìrì lágbára, ó tẹ̀ lé e. Ó ní kó ṣí iwájú ọkọ̀. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó fi hàn án. Ọ́ìlì náà ti le bí òrí, kò kán sílẹ̀.

"Wò ó," ló wí. "Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí. Kò bàjẹ́, kò sì ń ṣagídí sí ọ. Òtútù ló mú un. Díẹ̀ tó kù nínú bátìrì, ìwọ lo fi ìbínú lò ó tán. Má fọwọ́ kàn án fún wákàtí mẹ́ta." Ó so wáyà mọ́ná, ó sì so ẹ̀rọ náà mọ́ bátìrì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọkọ̀ tèmi gbóná. Èmi ni màá gbé ìyàwó rẹ lọ. Ìwọ, lọ sùn."

"Ó ní òun ò lọ mọ́, mà."

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi," ni ìyá náà wí. "Lọ bá a sọ ọ́."

Ọkùnrin náà wọ yàrá. Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ọkọ rẹ̀ kò jókòó sórí ibùsùn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

"Ìyá Morádékẹ́, ọ̀rọ̀ burúkú ni mo sọ, kò sì tọ́ sí ọ. Ó ti rẹ̀ mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni."

Obìnrin náà kò yíjú padà. "Mo rò pé èmi ni mo sú ọ," ló wí.

"Kì í ṣe ìwọ. Ara ló kọ̀."

"O ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Mi ò sọ ọ́ rí."

Níta, ìyá àgbà náà tẹ fèrè ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà dìde. Ọkọ rẹ̀ bá a wọ kóòtù, ó sì bá a fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tí wọ́n lọ, ọkùnrin náà sùn. Nígbà tó jí, ọ̀sán ti pọ́n. Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìka méjì. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó wúkọ́, ó sì gbà. Kò yọ̀. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún, títí àga fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ló wa ọkọ̀ lọ gbé ìyàwó rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ti ìyá àgbà náà. Kíndìnrín obìnrin náà kò sàn. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò sì parẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti jáde ti jáde. Àwọn àárọ̀ kan wà tí obìnrin náà máa ń dákẹ́ jù tó bá ń wọ kóòtù, ọkọ rẹ̀ á sì mọ ohun tó ń rò. Ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Ọlápéjú, ìwọ ni mo torí rẹ pa àkàwé yìí. O wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n gbàdúrà fún ọ kí Ọlọ́run fún ọ ní sùúrù, nítorí o jágbe mọ́ bàbá ọkọ rẹ, tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tó ò ń bọ́ láti ọdún mẹ́ta. O ní ó dà bíi pé ìkà ni ọ́. Mo ti wò ọ́ dáadáa. Ìwọ kì í ṣe ìkà. Ó rẹ̀ ọ́ débi pé kò sí nǹkan tó gbóná nínú rẹ mọ́, ìwọ náà sì ń fi ipá yí ara rẹ láràárọ̀. Sùúrù tó kù díẹ̀, bó o ṣe ń lò ó tán nìyẹn.

Àwọn àbúrò ọkọ rẹ ti ní kí bàbá máa wá sọ́dọ̀ àwọn ní òpin ọ̀sẹ̀. O ní wọn ò mọ bó ṣe ń mu ẹ̀kọ rẹ̀. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún un. Ìwọ náà kọ́ ọ ni. Jẹ́ kí wọ́n wá gbé e ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó o sì sùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé, jókòó síwájú bàbá, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ó rẹ̀ ọ́ ni, pé kì í ṣe òun. Má rò pé kò wúlò nítorí pé kò lè fèsì. Láti ọjọ́ Àìkú tó o ti jágbe mọ́ ọn, o ní kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ dáadáa mọ́. Ó ń gbọ́, Ọlápéjú. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.