Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì Níwájú Ìyá Ọkọ

“Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara ẹ̀ dáhùn!” Nọ́ọ̀sì tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ló já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá ọkọ Àdùnọlá. “Ìyàwó, ṣé o lóyún? A kì í sáré gún aláboyún ní èyí o, dókítà á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Oyún wo? Èmi tí mo máa ń mọ̀ bí adìẹ aládùúgbò bá fẹ́ yé, ṣé ti ìyàwó ọmọ mi ni n ò ní mọ̀?”

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára Àdùnọlá, kété tí Màmá gbọ́ nípa wọn. Ó dijú, ó na apá.

Nọ́ọ̀sì ò gún un. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́ o.”

Àdùnọlá fa apá padà. “Mo lóyún, mà. Màmá yìí gan-an ni mo ń fi í pamọ́ fún.”