Iyán Irinwó Kálórì

Olóyè Ògúndáhùnsì ló ni ilé oúnjẹ tó tóbi jù nílùú wa, òun ló sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé irinwó kálórì péré ló wà nínú abọ́ iyán kan tòun tọbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ gba nọ́ńbà yẹn gbọ́, ó jẹun níbẹ̀, ó sì dákú. Nígbà tí ìjọba rán àwọn olùyẹ̀wò wá, Olóyè sọ fún Títílọpẹ́ tó ń se oúnjẹ pé bí kò bá jẹ́rìí pé nọ́ńbà náà péye, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Títílọpẹ́ wọ ilé ìdáná, ó gbé abọ́ iyán kan jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e síwájú Olóyè níṣojú gbogbo wọn. Ó ní, "Bàbá, ọ̀sán ti pọ́n, ẹ ò sì tíì jẹun. Dókítà ní àtọ̀gbẹ yín ò fẹ́ ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kálórì lọ lọ́sàn-án. Irinwó péré rèé. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, màá jẹ́rìí." Olóyè fọwọ́ kan iyán náà, ó wo ọbẹ̀ tí epo bò mọ́lẹ̀, ó sì fa ọwọ́ padà. "Gbé e kúrò níwájú mi," ló wí. "Iyán yìí á pa mí." Àwọn olùyẹ̀wò wo ara wọn lójú, wọn ò sì bi Títílọpẹ́ ní ohunkóhun mọ́.