Òkété Fi Ààlè Sí Ojú Ihò

Ẹ jókòó dáadáa. Fárónbí, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára Àdùfẹ́, kì í ṣe àpótí ìjókòó. Ó dáa.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ, kò ṣubú. Ó dá lórí Òkété, ó dá lórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó dá lórí ìlú kan tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń lanu.

Ní ọdún kan, odò ya wọ ìlú àwọn ẹranko, ó gbé gbogbo ilé wọn lọ. Wọ́n di ẹrù, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè kan, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn ó tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó tutù, ó dára lójú. Inú rẹ̀ ni kò dára. Omi ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, ó ṣófo bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Wọ́n sùn, igi ìrókò kan wà níwájú wọn. Wọ́n jí, kò sí igi mọ́. Ihò ló wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ ku ewé kan.

Ẹfọ̀n ni ọba wọn. Ó ránṣẹ́ pe Òkété.

"Òkété, ìwọ lo mọ inú ilẹ̀. Bá wa wá ibi tí a lè kọ́lé sí. Òjò ti ń ṣú."

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Oúnjẹ mi ńkọ́, bí mo bá ń ṣiṣẹ́ náà?"

"Ìyẹn, a ó máa wò ó."

Ó ṣì ń wò ó di òní olónìí.

Òkété gbé ọmọ odó kan lé èjìká. Bó bá rìn díẹ̀, á lu ilẹ̀, á dẹ etí sí i. Ibi tó bá le, ilẹ̀ á dáhùn pé kì. Ibi tó bá ṣófo, á dáhùn pé bòòò. Níbi tó bá ti dún bòòò, Òkété á fi èédú kọ àmì dúdú kan sínú igbá funfun tó gbé lọ́wọ́, ní ọ̀gangan ibi tí ihò náà wà sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ìlú ṣe wọnú igbá kan. Bó ṣe ń lù ú ló ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é.

Mo lulẹ̀ wò, ilẹ̀ fọhùn,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ó dún kì, mo ní kọ́lé,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ó dún bòòò, mo ní yà á,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ilẹ̀ ò léyín, ó ń jẹ ni,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Nígbà tó lù ú tán, ó rí i pé orí òkè nìkan ló le, ó sì gba gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n igbá kan ṣoṣo ló wà, ẹranko pọ̀. Báwo ni wọ́n ó ṣe mọ ibi tí wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀? Òkété rò ó, ó wá ri igi mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ó so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn. Ó fi ààlè sí i.

Ibẹ̀ ló ti ṣàṣìṣe. Ẹ̀yin náà mọ ààlè. Ẹni tó bá to igi ìdáná sóko, tí kò sí nítòsí, ló ń fi ààlè sí i, kí olè lè mọ̀ pé ó lẹ́ni tó ni ín.

Ẹtu ni ọ̀rẹ́ Òkété, ó sì bí ọmọ mẹ́ta. Ó wá bá a, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, òjò ń bọ̀. Níbo ni kí n kó àwọn ọmọ yìí wọ̀?"

Òkété mú un lọ sórí òkè. "Níhìn-ín. Òkúta ló wà lábẹ́ ẹ. Máa hanrun bó bá ṣe wù ọ́."

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà lẹ́yìn igbó, ó gbọ́. Ó fẹ́ òkè náà fún ara rẹ̀ nìkan. Ó lọ sáàárín ìlú, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí àgbà tí ọ̀rọ̀ ìlú ń dùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kékeré kan. Bàbá ta nínú yín ló fi ààlè sí ojú ihò rí?"

Ó wo ojú wọn yíká, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Bàbá ta ló fi ààlè ṣọ́ ààtàn? Ṣé ohun rere kọ́ là ń fi ààlè ṣọ́? Gbogbo ibi tó tẹ́jú ni Òkété ti gbà fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ó wá ní kí ẹ̀yin máa gun òkúta lọ bí alángbá."

Ẹtu ní, "Òkété kì í parọ́ fún mi."

"Ó dáa. Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́, níbo ló ń gbé?"

"Nínú ihò."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí o sọ?"

Kí wọ́n tó sọ pé ó yá, ìlú ti tú jáde. Wọ́n ń fa ààlè tu, wọ́n ń jà du ojú ihò. Ẹtu náà fa ọ̀kan tu, ó kọ́lé síbẹ̀. Òkété gbé igbá tọ ọba lọ.

"Kábíyèsí, ẹ wò ó. Ojú ihò ni wọ́n ń kọ́lé sí."

Ọba yí igbá náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Àmì dúdú ni mo rí. Ó jọ ìgbẹ́ eku."

Òjò dé. Wàà, wàà, ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Ẹtu jáde lọ já ewé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ gbìì lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò sí ilé. Ihò roboto ló rí.

Àwọn ọmọ náà kẹ̀? Fárónbí, wọ́n wà nínú ilé.

Rárá, wọn ò yọ wọ́n.

Ìlú pé jọ. Ọba ní, "Ta ló gbẹ́ ihò yìí?"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wú ikọ́. "Ta ló mọ gbogbo ihò kí wọ́n tó là? Ta ló to wọ́n sínú igbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹni tí kò gbẹ́ ẹ, báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n?"

Òkété ní, "Kábíyèsí, mo fi ààlè sí i."

"Ẹ gbọ́ o," lọba wí, "ó ti jẹ́wọ́."

Wọ́n fọ́ igbá náà mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ Òkété ní òkò jáde kúrò nílùú. Ẹtu náà sọ òkúta kan. Òkété yíjú padà láti wo ẹni tó sọ ọ́. Ó rí i.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá jókòó lórí òkè, òun nìkan. Ihò ń là nísàlẹ̀, àwọn ará ìlú ń wá erùpẹ̀ tí wọ́n ó fi dí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní, "Mo ní erùpẹ̀. Ẹ mú iṣu wá." Ó ń gbẹ́ erùpẹ̀ tó gbé òkúta òkè náà dúró, ó ń tà á. Wọ́n ń rọ ọ́ síhò, ihò ń gbé e mì. Ó gbẹ́ ẹ débi pé òkè náà kò ní ìdí mọ́. Òjò kejì rọ̀. Gbàràgàdà, òkè wó, ó gbé Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rì dé ọrùn. Ó fi orin bọnu.

Òkété o, wá lulẹ̀ wò,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*
Ẹrẹ̀ dé ọrùn, ó ń gòkè,
*Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.*

Gbogbo ìlú dúró lókèèrè. Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹsẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó le. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí Ẹtu.

"Ẹtu, ìwọ lo fúyẹ́ jù. Dákun, mú okùn wá."

"Òkété ì bá sọ ibi tí n ó tẹ̀ fún mi," ni Ẹtu wí. Ó dúró síbẹ̀ títí ohùn náà fi dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó wọ igbó lọ láti wá Òkété, kó lè bẹ̀ ẹ́. Ó ń wá a kiri títí dòní. Bí òkété bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè, ṣe ló túbọ̀ ń gbẹ́lẹ̀ wọlé. Kò mọ̀ bóyá ẹni tó wá bẹ òun ni, tàbí ẹni tó tún mú òkúta dání.

Ibí ni àlọ́ mi fẹ̀yìn tì sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín méjì tó kù lẹ́nu mi jábọ́ lọ́la.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó bá fi ewu hàn wá kọ́ ló dá ewu sílẹ̀. Ìlú tó bá lé e lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa fi wá ihò.