Kóòṣì Tó Fi Ọmọ Ọ̀la Pààrọ̀ Òmìrán

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù sínú àwọ̀n lókè. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló ń bá ara wọn díje lágbègbè náà. Ọdún méjì tẹ̀ léra ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ fi gbé ipò karùn-ún. Ìjọba ìbílẹ̀ wá kọ̀wé sí i pé bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn yóò gba pápá tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò, àwọn yóò sì sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Láti ọjọ́ tí ìwé yẹn ti dé ni ẹ̀rù ti di ará ilé rẹ̀. Ó ń bá a jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé bóyá òṣìṣẹ́ ìjọba ni.

Ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù ni ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ìlú kejì. Ọkùnrin náà ga débi pé kì í fò kó tó fi bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ńṣe ló ń gbé e síbẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń gbé àwo sórí pẹpẹ. 

Wàyí o, wọ́n ní òfin kan. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama á péjọ, àwọn kóòṣì á sì máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ ṣà, kí ẹni tó ṣubú lè rí ọwọ́ dìde. Lọ́dún tí à ń wí yìí, gbogbo ènìyàn ló mọ ọmọ tí wọn yóò kọ́kọ́ mú. Ó yára, ojú rẹ̀ mú, ó sì mọ ibi tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà láìbojú wẹ̀yìn. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ga.

Kóòṣì ẹgbẹ́ mìíràn, tí òun náà ní ọkùnrin kan tó ga bíi ti ìlú kejì, wá ránṣẹ́ sí ọkùnrin yìí pé: "Fún mi ní ipò àkọ́ṣà rẹ, kí n fún ọ ní òmìrán tèmi."

Ó yẹ kó béèrè ìdí tí ènìyàn á fi fẹ́ yọ̀ǹda òmìrán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbéèrè náà dé ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e mì, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ìdáhùn lè burú.

Ó ní kí òmìrán wá kí òun nílé. Òmìrán tẹ orí gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni, kóòṣì sì ti lé ní àádọ́ta, ṣùgbọ́n kò dọ̀bálẹ̀. Ó dúró gbọin, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ bí onílé. Wọ́n gbé iyán fún un. Kò sí ẹni tó ń sọ fún àlejò pé kó fò sókè ká wò ó, nítorí náà wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìyàwó kóòṣì ní, "Bàbá Ìbídùn, irú ọmọ wo nìyẹn? Ọmọ tí mo lè bí, ló wá ń kí yín bí ọ̀gá báńkì?"

"Ohun tó wù mí lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bẹ̀rù mi, kò ní bẹ̀rù wọn."

"Ta ló ń bẹ̀rù yín tẹ́lẹ̀?"

 Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì fọwọ́ sí ìwé pàṣípààrọ̀ náà.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, èrò rí òmìrán, wọ́n hó yèè. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ẹ̀rù fi kóòṣì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan, ó yí gbirigbiri, ó dúró síbi ẹsẹ̀ òmìrán. Òmìrán ń wò ó bí ẹni rí ejò. Kò bẹ̀rẹ̀. Ọmọ alátakò kan rá wọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó lọ.

Kóòṣì figbe ta. "Bẹ̀rẹ̀ mú un! Ṣé ẹyin lo gbé rù ni?"

Ẹnìkan nínú èrò dáhùn pé, "Ẹ bá a gbé àkàbà wá, kó fi sọ̀ kalẹ̀!"

Nígbà ìsinmi, òmìrán ní, "Orókún mi ni, sà. Méjèèjì. Mo ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kì í ká dáadáa mọ́. Bí mo bá délẹ̀, ẹni méjì ló ń gbé mi dìde."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ẹ ò bi mí, sà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ, kò ní sí ẹni tó máa gbà mí. Òkè náà ni gbogbo yín máa ń wò."

Ìgbà náà ló yé kóòṣì. Ẹ̀rù méjì ló pàdé nílé rẹ̀ lọ́jọ́ iyán yẹn. Wọ́n kí ara wọn, kò sí èyí tó sọ tẹnu rẹ̀.

Ọmọ tí kò ga yẹn gbé ẹgbẹ́ tó mú un dé ipò kejì. Ẹgbẹ́ ọkùnrin yìí gbé ipò karùn-ún. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ilà sórí pápá, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ìwọ tí mò ń pa àkàwé yìí fún, má fi kóòṣì rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ẹ̀rù bà á. Fífi ọmọ ọ̀la pààrọ̀ àgbà òní kì í sì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bá rán lọ́jà, ohun tó ga jù ló máa ń rà. Ìwọ náà ní ìbéèrè kan lọ́nà ọ̀fun báyìí, o sì mọ ẹni tó yẹ kí o bi. Ó ti pẹ́ tí o ti ń gbé e mì. Lọ bi í. Bí ara rẹ bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó máa gbọ̀n, ṣáà bi í.