Bí Èérí Ògì Ṣe Di Oúnjẹ Ewúrẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn kó dún. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi fò, ó bà sí ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, ìyá Málọmọ́. Ó bá Ewúrẹ́ níbẹ̀, ó bá Ẹyẹlé níbẹ̀. Àdìgún, yọ ìka lẹ́nu kí o gbọ́.

Àwẹ̀ró bí ọmọ méjì, méjèèjì kú. Ó bí ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Ọmọ pé oṣù mẹ́fà, àìsàn dá ìyá dùbúlẹ̀. Ara ìyá yá, ṣùgbọ́n ọmú gbẹ. Láyé ìgbà náà, kò tíì sẹ́ni tó mọ ògì. Hóró ọkà líle ni gbogbo ayé ń jẹ. Málọmọ́ ń sunkún, ó ń rù.

Àwẹ̀ró rí àwọn ọmọ Ewúrẹ́ tí wọ́n ń fò kiri àgbàlá. Ó ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fún àwọn ọmọ yín jẹ?"

"Ọkà ni. Se é fún un bó ṣe wà. Inú èèpo ni agbára wà."

Àṣé Ewúrẹ́ mọ̀ pé ohun tí ọmọ bá tu, òun ni yóò jẹ ẹ́.

Àwẹ̀ró se ọkà. Málọmọ́ tu ú. Ewúrẹ́ ṣà á jẹ.

"Ìyá Ewúrẹ́, ó tu ú o!"

"Gún un lódó." Ó gún un, ó sè é. Ọmọ wúkọ́, ó tu ú. Ewúrẹ́ lá abọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, Ewúrẹ́ ní, "Lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Má yọ èèpo o!" Ó lọ̀ ọ́, ó sè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ebi pa ọmọ débi pé ó gbé e mì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ le bí igbá. Kò sunkún mọ́. Àyà Àwẹ̀ró já. Ó gbé e mọ́ra, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Málọmọ́, dúró tì mí.
*Dúró.*
Ọkà le, ọ̀fun kéré.
*Dúró.*

Ẹyẹlé gbọ́ lórí òrùlé. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí. Ṣé o rí i kí n fi ọkà líle sẹ́nu ọmọ mi rí? Ọ̀fun mi ni mo ti ń rẹ ẹ́. Tó bá di omi funfun ni mo tó ń pọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́nu."

"Èmi ò ní irú ọ̀fun yẹn!"

"O ní ìkòkò. Rẹ ọkà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o lọ̀ ọ́. O ní gèlè lórí, fi sẹ́ ẹ. Funfun tó bá jò sínú ìkòkò ni tọmọ."

"Ọjọ́ mẹ́ta! Kí ni yóò máa mu?"

"Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, díẹ̀díẹ̀, kí inú rẹ̀ lè dẹ̀."

Ewúrẹ́ ní, "Omi lo fẹ́ fi pa ọmọ yẹn!" Àwẹ̀ró rẹ ọkà sínú ìkòkò. Ó ń kán omi sí ọmọ lẹ́nu, ó ń ka ọjọ́. Ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, ó lọ ọkà, ó tú gèlè, ó sẹ́ ẹ. Ògì funfun jò sínú ìkòkò. Ó dà á sómi híhó, ó rò ó, ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fún ọmọ. Málọmọ́ mu ún. Ó gùnfẹ̀, ó sùn. Nígbà tó jí, ó ké tòò, òmíràn ló ń fẹ́! Inú ìyá dùn títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ewúrẹ́ sì dúró, ó ń wo èérí, èèpo ọkà tó kù nínú gèlè. Àwẹ̀ró ní, "Ìyá Ewúrẹ́, ẹ ní inú èèpo ni agbára wà. Ẹ gbà, agbára yín rèé." Ó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ojú ò ti Ewúrẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ilẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń rẹ ọkà, tí a fi ń fi aṣọ sẹ́ ògì. Ìdí nìyí tí ẹyẹlé fi ń ṣa ọkà lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́nikẹ́ni ò lé e. Èérí di ti ewúrẹ́. Bí mo bá purọ́, ẹ bi ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín léèrè. Àmọ́ Àwẹ̀ró ò sin ọmọ mọ́.