Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Pákó Àfàrà

Ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ fi igi àfàrà kan sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀. Bàbá náà ti sọ ọ́ kó tó kú pé igi yìí ni kí wọ́n fi ṣe òrùlé ilé ẹbí nígbà tí ti àtijọ́ bá gbó. Nígbà tó gbó lóòótọ́, ẹsẹ̀ ń dun ẹ̀gbọ́n, kò lè dé oko. Àbúrò ló gé igi náà láàárín òjò. Ìtì igi dùbúlẹ̀ nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹni tí ń fi ayùn la pákó tó wá là á. Nígbà tí pákó dé àgbàlá, omi ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jáde wá wò ó, ó rí ihò wẹ́wẹ́ káàkiri ara pákó, bí ìgbà tí èèyàn fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó ti rí ihò lára igi rí. Kòkòrò ló jẹ òrùlé àká wọn láyé ìjọ́sí, tí òrùlé sì wó lu ìyá wọn. Ìyá náà tiro títí tó fi kú.

Ó ké sí àbúrò rẹ̀ níwájú gbogbo ilé. "O mọ ohun tó ṣe ìyá wa, o sì kó o wá bá àwọn ọmọ mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ kòkòrò tó wọ̀ ọ́."

"Ṣé kí n bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀ ni?"

"Ẹ bi í. Bóyá òun á rí ààyè fọhùn ju èmi lọ."

Ẹ̀gbọ́n ní kò sí yàrá fún un mọ́ nínú ilé náà. Àbúrò wo àwọn ará ilé lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́yìn. Ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀, ohun tí ọkùnrin kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n kó pákó jọ, ó tiná bọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó ń kọ́ni nípa kòkòrò ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń kọjá lọ. Ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé àfàrà tó dára báyìí lẹ fi ń dáná?"

"Kòkòrò ti wọ̀ ọ́."

"Èwo nínú wọn?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn ihò náà.

Obìnrin náà fi ọ̀bẹ la etí pákó kan tí iná kò tíì dé, ó yọ kòkòrò kan tí kò tó hóró ìrẹsì. Ó mú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n wò ó. "Ẹ wo ibi tí èjìká rẹ̀ ti pàdé ìyẹ́. Ìdì irun kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, àlàfo wà láàárín ìdí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ohun tí a fi ń mọ ìran yìí nìyẹn. Etí ihò rẹ̀ náà dúdú. Èyí tí ń jẹ igi gbígbẹ, ihò tirẹ̀ kì í dúdú, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì kúnná bí èlùbọ́."

"Ṣé èyí kì í jẹ igi ni?"

"Kì í jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ ni. Ó ń gbé irúgbìn nǹkan kan kiri nínú àpò ara rẹ̀, irú nǹkan tí ń hù lára búrẹ́dì tó bu. Inú ihò ló ń gbìn ín sí, òun ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Igi tútù nìkan ni oko rẹ̀ ti lè hù. Ẹ sá pákó yìí kó gbẹ, oko á kú, kòkòrò á kú. Ihò nìkan ló máa kù, kò sì ní wó ilé."

"Ẹ bá mi pa iná!" Gbogbo ilé da omi. Ìdajì pákó ti jóná.

Ọkùnrin náà tiro dé abúlé àwọn àna àbúrò rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Ó ní, "N kò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dájọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, àwọn àna mi ń wò wá." Àbúrò gbé e dìde, ó sì dárí jì í tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n pákó tó kù kò ju kó bo apá kan ilé lọ. Apá kejì, níbi tí yàrá àbúrò wà, òrùlé àtijọ́ ti gbó débi pé ojú ọ̀run là ń rí. Ẹ̀gbọ́n ti rí ìdáríjì gbà, àbúrò kò rí ibi tó máa sùn.

Ìwọ tí o pe ìpàdé ẹbí sí ọ̀la nítorí ọmọbìnrin àbúrò rẹ, ohun tí o rí ni pé ó ń pẹ́ kó tó wọlé, kì í sì í báni sọ̀rọ̀. Nítorí ẹlòmíràn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tó sì dójú tì wá, o ti mọ ohun tí wàá pè é lọ́la. O kò tíì bi í ní ohunkóhun. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé báyìí, ó ń fọṣọ. Dìde, lọ jókòó tì í.