Ẹ̀yìn Fọ́tò Àwẹ̀ró

Àwẹ̀ró ló ń ya fọ́tò ní Ìgbájọ nígbà tí Fádáìró ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná. Ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ, nítorí náà Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ sọ gbogbo wọn ní orúkọ mìíràn. Ó pe ọ̀kan ní Àgùntáṣọọ́lò, ó pe òmíràn ní Eyínfúnjowó. Orúkọ wọ̀nyí náà ló ń kọ sẹ́yìn fọ́tò wọn.

Nígbà tí ó kú, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fọ́tò sílẹ̀. Ikán ti ń jẹ wọ́n. Ìbíyẹmí ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wá kó wọn sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kí bàbá rẹ̀ lè máa fi ìka yí wọn wò. Ojú fọ́tò nìkan ló kó síbẹ̀. Ó ní eré tí ìyá òun ń bá àwọn ará ilé ọkọ ṣe ló wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá ń wá fọ́tò, kí ó tẹ ọdún tí wọ́n yà á. Ó kó àwọn fọ́tò fúnra wọn sínú àpò, ó fẹ́ sun wọ́n.

Ọjọ́ tí ó dáná gan-an ni Mojírọ́lá dé. Ọmọ ilé Fádáìró ni ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni Mojírọ́lá wà tí ìyá náà fi kú. Kò mọ ojú rẹ̀. Ó gbọ́ pé Àwẹ̀ró yà á ní fọ́tò rí, ó fẹ́ rí i.

Ó tẹ ọdún tí wọ́n bí òun. Obìnrin mọ́kànlélógójì tó gbé ọmọ lọ́wọ́ ló jáde. Ó ń yí wọn lọ, ó ń yí wọn bọ̀. Nígbà tó yá, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló lè jẹ́ ìyá mi."

Wọ́n pe Fádáìró. Òun náà kò dá ẹnì kankan mọ̀. Kàdúná ló wà ní ọdún yẹn; ọmọdé ni ìyá náà nígbà tó fi ilé sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe ìyá náà nínú ilé.

"Eyínfúnjowó ni mo máa ń gbọ́, Bàbá."

"Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìbíyẹmí, gbé àpò yẹn kúrò nídìí iná."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sílẹ̀, wọ́n ń da ojú fọ́tò délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán ti pọ́n kí Fádáìró tó dúró lórí ọ̀kan. Ìkọ̀wé ìyàwó rẹ̀ ni: "Eyínfúnjowó, ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé Mojírọ́lá jáde. Mo ní kó má rẹ́rìn-ín, ó kọ̀."

Kò yí i wò. Ó nà án sí Mojírọ́lá bẹ́ẹ̀, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí i.

Mojírọ́lá yí i, ó rí ẹ̀rín ìyá rẹ̀. "Ìyá tó kọ èyí mà ṣeun, Bàbá."

"Ó ṣeun," ni Fádáìró wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún un."

Ìbíyẹmí tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kan fọ́tò nínú tábúlẹ́ẹ̀tì náà, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Bí ó bá tẹ orúkọ tí Àwẹ̀ró sọ ẹnì kan, ẹni náà yóò jáde. Àpò náà sì wà ní yàrá bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ilé Fádáìró ti ń pa á lówe pé, ojú fọ́tò kì í dárúkọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń bi léèrè.